Wọ́n Ní Oorun Ló Ṣe É

Nígbà tí ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n gbé oníbúrẹ́dì náà dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, awakọ̀ bá a gbé àpò rẹ̀ sílẹ̀, ó ní kó má ro ọ̀rọ̀ náà púpọ̀, oorun ló ṣe é. Ọmọbìnrin tó nu àtíkè kúrò lójú rẹ̀ ti sọ bẹ́ẹ̀ ṣáájú. Olóòtú ètò náà pàápàá ti gbá a léjìká pẹ́pẹ́ pé kò sẹ́ni tó máa bá a wí, oorun ni. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn. Òun nìkan ló mọ̀ pé kì í ṣe oorun.

Má Sùn, Má Gbàgbé ni wọ́n ń pe ètò náà. Wọ́n á kó àwọn olùdíje sínú gbọ̀ngàn kan, wọ́n á gbé ọpọ́n bọ́tìnnì síwájú oníkálukú, pupa, dúdú, aláwọ̀ ewé, gbogbo rẹ̀ pa pọ̀, kó máa ṣà wọ́n sọ́tọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹni tó bá tòògbé, ó di ilé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá máa bi àwọn tó kù léèrè ohun tí wọ́n rí, ohun tí wọ́n gbọ́, àti ohun tó jẹ mọ́ ìgbésí ayé ara wọn. Ẹni tó bá borí yóò gba irinṣẹ́ tó bá wù ú. Ààrò tuntun ni oníbúrẹ́dì fẹ́, nítorí tirẹ̀ ti là lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, iná sì ń jò jáde níbẹ̀. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ló tì í lọ. Ojú tó ti ń bá ìyẹ̀fun ṣọ́ òru láti ìgbà èwe, kí ni wọ́n fẹ́ fi dẹ́rù bà á? Obìnrin alágbàfọ̀ òdìkejì títì tiẹ̀ fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé bí òun bá jẹ́ oorun, òun ò ní yà nílé rẹ̀ láé.

Ó sì ń lọ dáadáa. Olùkọ́ kan sùn lọ pẹ̀lú ọwọ́ nínú ọpọ́n, bí ẹni tó fẹ́ fọwọ́ jẹun. Obìnrin kan tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù rọra ń kọ orin ìsìn kí ojú rẹ̀ lè là, àfi ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kí àwọn bọ́tìnnì ní ẹ káàárọ̀, tí wọ́n sì fà á lọ́wọ́ jáde. Nígbà tó ku oníbúrẹ́dì àti ẹnì kan ṣoṣo, olóòtú fa káàdì kan yọ. Wọ́n ti pe ìyàwó oníbúrẹ́dì lórí fóònù ṣáájú, ohun tó sì sọ fún wọn ló wà nínú káàdì náà.

“Èyí rọrùn, ẹ̀bùn lásán ni,” olóòtú wí. “Bàbá, ọmọ mélòó lẹ bí?”

Àwọn àgbà ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ṣùgbọ́n ó dà bíi pé kò sí àgbà kankan láàárín àwọn tó kọ ìbéèrè wọ̀nyẹn. Iná mọ́lẹ̀ kedere lójú oníbúrẹ́dì. Tábìlì gígùn kan wà níwájú rẹ̀ bí èyí tó fi ń ta búrẹ́dì, àjèjì kan sì ń rẹ́rìn-ín sí i láti òdìkejì rẹ̀. Kó tó ronú, ìdáhùn ti jáde.

“Méjì.”

Aago àṣìṣe dún. Olóòtú gbé káàdì sókè, ó ní ìyàwó wọn sọ pé mẹ́ta ni. Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Wọn ò mọ nǹkan kan. Bàbá tó gbàgbé ọmọ kan ni wọ́n rí. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní kó lọ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, bóyá ìkẹta wà níbẹ̀, ẹ̀rín tún gba ilé kan. Oníbúrẹ́dì sì bá wọn rẹ́rìn-ín. Ìyẹn gan-an ló ń gún un lọ́kàn bí ẹ̀gún. Kì í ṣe ẹ̀rín ìtìjú lásán, ó rẹ́rìn-ín dáadáa, eyín rẹ̀ hàn síta, kámẹ́rà sì sún mọ́ ọn kí gbogbo ayé lè rí i.

Ọmọ tí wọ́n fi rẹ́rìn-ín náà ni èkejì nínú mẹ́ta tí wọ́n bí. Obìnrin ni. Ìyẹ̀fun ni wọ́n ń pè é nílé, torí kò sí aṣọ ẹnikẹ́ni tí kò fi ọwọ́ funfun rẹ̀ kàn rí. Ibà ló mú un lọ. Lẹ́yìn tí wọ́n sin ín ni ìdílé náà kó wá sí àdúgbò yìí, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ ọmọ náà. Ìyàwó oníbúrẹ́dì, tó ń tún aṣọ bẹ́ẹ̀dì tó ya rán nílé ìwòsàn, ló fi òfin lélẹ̀: ẹni tó bá bi wọ́n, ọmọ mẹ́ta ni. Ọmọ tó kú kì í ṣe ọmọ tí a kò bí. Ọkọ rẹ̀ náà fi omijé gbà bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì, oníbàárà kan bi í, ó ní mẹ́ta ni, oníbàárà náà sì ní méjì lòun ń rí, ìkẹta dà? Oníbúrẹ́dì wọ inú lọ, ó dúró níwájú ààrò títí gbogbo búrẹ́dì tó wà níbẹ̀ fi jóná. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni tó bá bi í, méjì ló ń sọ. Méjì kì í bí ìbéèrè mìíràn. Ó ti mọ́ ọn lẹ́nu bí ẹ káàárọ̀, ẹ kú àbọ̀.

Ìyàwó rẹ̀ kò sọ̀rọ̀ ààrò rárá nígbà tó ṣílẹ̀kùn fún un lọ́jọ́ tó ti ibi ìdíje náà dé. Ó ti gbé omi gbígbóná sí balùwẹ̀. Ó ní, “Ẹ kú ìrọ́jú, Bàbá wọn. Ẹ wẹ̀, kẹ́ ẹ sùn.”

Ó sùn bí òkúta, títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ohùn ìyàwó rẹ̀ ló jí i. Obìnrin náà ń bá ẹ̀gbọ́n tirẹ̀ obìnrin sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní pálọ̀, ó sì hàn pé ẹ̀gbọ́n náà ń bínú.

“Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, Àǹtí,” ìyàwó rẹ̀ ń wí. “Ọkùnrin yìí ló pọn Ìyẹ̀fun dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ tá ò rọ́kọ̀. Kò lè gbàgbé rẹ̀. Oorun ni. Tí wọ́n bá fi oorun du èmi náà báyẹn, orúkọ ara mi ni màá kọ́kọ́ gbàgbé.”

Oníbúrẹ́dì jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Bí obìnrin náà ṣe ń gbèjà rẹ̀ tó ni ara rẹ̀ ń bù máṣọ tó. Gbogbo ayé ti bá a wá àwáwí, wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti lọ̀ ọ́, ó ku kó gbé e wọ̀. Bó bá dákẹ́, ó parí nìyẹn. Aya rẹ̀ yóò máa gbèjà irọ́ láìmọ̀ títí ọjọ́ alẹ́.

Nígbà tó bọ́ sí pálọ̀, ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ó ní Àǹtí kí i. Kò fọwọ́ kan oúnjẹ náà.

“Kì í ṣe oorun,” ó wí.

“Kí ni kì í ṣe oorun?”

“Méjì tí mo sọ. Ohun tí mo máa ń sọ ní ṣọ́ọ̀bù nìyẹn. Ẹnikẹ́ni tó bá bi mí. Ó ti pẹ́.”

Obìnrin náà ṣí ìdérí àwo náà, ó wo inú rẹ̀, ó tún un dé. Ó bi í bóyá ó sọ ọ́ fún alágbàfọ̀ náà. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó wà lára wọn.

Nígbà náà ni ìyàwó rẹ̀ jókòó, tó sọ ohun tí kò sọ fún un rí. Kò pẹ́ tí wọ́n dé àdúgbò yìí ni alágbàfọ̀ bi òun náà léèrè iye ọmọ òun, òun ní mẹ́ta, alágbàfọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó ní kí Ìyá wọn lọ tún un kà. Láti ọjọ́ náà ni òun kò ti kí i mọ́. Ẹ̀yìnkùlé lòun ń gbà lọ síbi iṣẹ́ kí ojú wọn má baà ṣe mẹ́rin. Aṣọ tí obìnrin náà fi ta àwọn ọmọ lọ́rẹ, òun dá a padà.

“Mo ti fi ẹjọ́ rẹ̀ sun Ọlọ́run,” ó wí. “Lórí eékún mi. Àṣé ẹ̀yin lẹ fi ẹ̀rín yẹn sí i lẹ́nu.”

Ilẹ̀ ìbá lanu, oníbúrẹ́dì ìbá wọ̀ ọ́. Ó fẹ́ bẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n obìnrin náà ti ń wé gèlè rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ bi í níbi tó ń lọ.

“Mo ń lọ bẹ ẹni tí kò ṣẹ̀ mí.”

Kò ní kó máa bọ̀, kò ní kó dúró. Ó tẹ̀ lé e pẹ̀lú sálúbàtà tó fi ń wọ balùwẹ̀, àpá ìrọ̀rí ṣì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà lásán ni wọ́n dé tí mẹkáníìkì kan fi kí i láti abẹ́ ọkọ̀: “Bàbá Oníméjì, ṣé ẹ ti rí ìkẹta?” Ọwọ́ rẹ̀ fẹ́ lọ sókè láti dáhùn, bí ọwọ́ ọlọ́jà, ó yára gbé e sílẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ kò bojú wẹ̀yìn.

Alágbàfọ̀ ń lọ aṣọ funfun kan nígbà tí wọ́n wọlé. Bó ṣe rí oníbúrẹ́dì ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í tù ú nínú, pé òun náà á ti sùn sórí ọpọ́n tipẹ́, pé oorun ò mọ ọlọ́lá. Ìyàwó oníbúrẹ́dì jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Ó ní ẹ̀bẹ̀ lòun wá bẹ̀, fún gbogbo ìgbà tóun ti ń yàn án lódì. Ẹ̀rín tó rín lọ́jọ́ kìíní, kò jẹ̀bi rẹ̀. Ẹni tó sọ ohun mìíràn fún un ló jẹ̀bi.

Alágbàfọ̀ wo obìnrin, ó wo ọkùnrin. “Ẹ dákun, mélòó ni wọ́n gan-an?”

Ìyàwó oníbúrẹ́dì yí padà sí ọkọ rẹ̀, ó sì ń dúró.

“Mẹ́ta ni,” oníbúrẹ́dì wí.

“Ìkẹta wá dà?”

Alágbàfọ̀ bi í tinútinú ni, bí ẹni tó ń béèrè ẹni tí kò tíì kí. Áyọ́ọ̀nù ń hó lórí aṣọ. Ó gbé e kúrò. Oníbúrẹ́dì kò lè gbójú sókè. Sálúbàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń wò, àti omi tó kán sílẹ̀ lára àwọn aṣọ.

“Obìnrin ni,” ó wí. “Òun ni èkejì.”

Ohùn rẹ̀ já níbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ kò gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀. Ó dúró, alágbàfọ̀ náà dúró, ọkùnrin náà wá tún un bẹ̀rẹ̀, láti orí Ìyẹ̀fun, orúkọ tí wọ́n ń pe ọmọ náà nílé.