Ọbẹ̀ Tí Kò Níyọ̀

Nọ́ọ̀sì tú aṣọ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru kúrò lápá Bàbá, ó wo ojú ẹ̀rọ náà. Ó tún dì í mọ́ apá kejì, ó tún wò ó. Onídìrí, ìyàwó ọmọ Bàbá, tó jókòó tì í, ti mọ̀ pé nǹkan ò dáa. Ẹni tó rí ohun rere kì í wò ó lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú irú ojú bẹ́ẹ̀.

"Bàbá, ṣé ẹ̀ ń lo oògùn yín?"

"Láràárọ̀. Ìyàwó mi yìí máa ń dúró tì mí bí ọlọ́pàá títí n ó fi gbé e mì."

"Ẹ̀ ń rìn díẹ̀díẹ̀ bí mo ṣe wí?"

"Mò ń rìn. Gbogbo ajá àdúgbò wa ló ti mọ̀ mí."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ̀jẹ̀ ríru yín ò wálẹ̀, Bàbá. Ó tún ga ju ti ìgbà tẹ́ ẹ wá kẹ́yìn lọ. Ta ló ń se oúnjẹ yín?"

"Èmi ni," Onídìrí dáhùn.

"Iyọ̀ ńkọ́?"

"Mi ò fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ mọ́, Nọ́ọ̀sì. Iyọ̀ gan-an ò sí nínú ilé. Àwọn onígun mẹ́rin inú bébà tí wọ́n fi ń mú ọbẹ̀ dùn, mo ti kó wọn dànù. Ata, àlùbọ́sà, aáyù àti atalẹ̀ nìkan ni mo fi ń sè é."

Nọ́ọ̀sì wò ó bí ẹni tó fẹ́ gbà á gbọ́ tí kò sì lè gbà á gbọ́ tán. "Ẹ tún ilé yẹn wò dáadáa, Mà. Iyọ̀ ń gba ibì kan wọlé. Bó bá ń lọ báyìí, ó lè di rọpárọsẹ̀, apá kan lè má gbéra mọ́. Ẹ padà wá láìpẹ́, ká tún wò ó."

Bàbá wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Aago ló ń fi wọ́n tún ṣe láti ìgbà èwe rẹ̀, aago ògiri, aago ọwọ́, gbogbo rẹ̀. Lóòótọ́, fóònù ti gbaṣẹ́ lọ́wọ́ aago lọ́pọ̀ ilé, síbẹ̀ àwọn èèyàn ṣì ń gbé tiwọn wá, ìka Bàbá ò sì tíì gbọ̀n rí lórí ìṣó tíntìntín inú wọn.

Ẹ̀rù ba Onídìrí gan-an. Kò mọ bàbá tirẹ̀, ọkùnrin náà ti lọ kó tó gbọ́njú. Àtọjọ́ tó ti wọ ilé yìí, Bàbá Aláago ló ń pè é ní ìyàwó mi, òun ló ń gbèjà rẹ̀ bí ọkọ rẹ̀ bá fẹ́ ṣagídí, òun ló sì kọ́kọ́ jókòó lórí àga ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣí i, tó ní kó wá dirun fún òun, bẹ́ẹ̀ sì rèé, orí rẹ̀ pá kodoro. Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ rọ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Òótọ́ ni pé ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ yìí ti dá wàhálà sílẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí iyọ̀ kúrò níbẹ̀, ọkọ rẹ̀ jẹ òkèlè kan, ó wojú àwo, ó ní, "Ṣé a ti gbàwẹ̀ ni?" Ọmọ wọn obìnrin, tí wọ́n ń pè ní Ọmọge, ní òun ò mọ̀ pé omi gbígbóná náà lè láwọ̀. Bàbá nìkan ló jẹun tán, tó nu ẹnu, tó ní, "Ó dáa, ìyàwó mi, o ṣé." Ohun tó sì ń sọ látìgbà náà nìyẹn.

Kí ẹ tó bi mí pé ẹni tó ń sebẹ̀ ò tọ́ ọ wò ni, ẹ jẹ́ n sọ bí obìnrin yìí ṣe ń ṣe. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tán tó ti sebẹ̀. Á bu tirẹ̀ lọ ṣọ́ọ̀bù, á sì fi ìkòkò sílẹ̀ fún ará ilé. Tó bá dé nírọ̀lẹ́, tí ẹsẹ̀ ń ro ó, èso ló máa ń jẹ sùn. Ọbẹ̀ tó bá ti fi sílẹ̀ láàárọ̀, ilé ló ni ín.

Ọjọ́ kejì tí wọ́n ti ilé ìwòsàn dé jẹ́ Sátidé, orí sì pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ti di apá kan orí oníbàárà kan tán nígbà tí ọkọ rẹ̀ pè é.

"Àǹtí ti dé o," ni ọkọ rẹ̀ wí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, àkọ́bí Bàbá, ló ń pè bẹ́ẹ̀. "Ó gbé báàgì òfìfo dání. Ó ti gbọ́ ohun tí Nọ́ọ̀sì sọ, ó ní Bàbá ń bá òun lọ."

"Lọ síbo?"

"Ilé tiẹ̀. Ó ní kó máa gbébẹ̀. Mo ti ń bá a sọ̀rọ̀, kò gbọ́."

Onídìrí fi kóòmù lélẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Mà, mò ń bọ̀ kíá. Ọ̀rọ̀ ilé ni."

Oníbàárà fọwọ́ kan orí rẹ̀, apá kan dì, apá kan fẹ́ bí ìgbálẹ̀ tó tú. "Tí wọ́n bá wá bá mi níbí, kí n ní kí ló ṣe mí?"

"Ẹ ní wọ́n ṣì ń rò ó, Mà," ó wí, ó sì ti jáde.

Ẹ̀yìnkùlé ló gbà wọlé, torí kò fẹ́ kí wọ́n rí ojú òun báyìí. Láti ilé ìdáná ló ti ń gbọ́ ohùn Àǹtí ní pálọ̀: "Mi ò ní ìyàwó wa burú. Àmọ́ bó ti wù kó rí, ọmọ ọlọ́mọ ò lè tọ́jú bàbá wa bí àwa fúnra wa." Ọ̀rọ̀ náà dun Onídìrí wọra. Gbogbo ọdún tó ti ń fọṣọ Bàbá, tó ń ka oògùn rẹ̀, tó ń gé èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ṣì jẹ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Ó ní òun ò ní wọlé lọ́wọ́ òfo. Òun á bu oúnjẹ ọ̀sán Bàbá dání, wọ́n á sì mọ̀ pé òun ṣì wà nílé yìí. Ó ṣí ìkòkò, ó fi ṣíbí bu díẹ̀ tọ́ wò.

Ojú rẹ̀ fún pọ̀. Iyọ̀ ni. Kì í ṣe iyọ̀ kékeré. Ọbẹ̀ tóun fọwọ́ ara òun sè láàárọ̀ ti di omi òkun. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ìgò iyọ̀ kankan.

Ẹnì kan ṣoṣo ló wá sí i lọ́kàn. "Bàbá," ó wí sínú. Àánú ṣe é, inú sì bí i. Àgbà tó ń fi ẹnu dúpẹ́, tó ń fi ọwọ́ bu iyọ̀. Ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lọ́dẹ̀dẹ̀, ó sì yára fara pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Lónìí, ọwọ́ á tẹ̀ ẹ́.

Ọkọ rẹ̀ ló wọlé. Oníná ni iṣẹ́ rẹ̀, àpò ṣòkòtò rẹ̀ ò sì gbófo rí. Ó bojú wẹ̀yìn, ó fa náílọ́ọ̀nù kékeré tó máa ń kó ìṣó sí yọ, ó fi ìka méjì mú nǹkan funfun níbẹ̀, ó wọ́n ọn sínú ìkòkò, ó rò ó.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," Onídìrí sọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Ọkùnrin náà fò sókè. "Ṣé... ṣé o ò sí ní ṣọ́ọ̀bù ni?"

"Kí lẹ fi sọ́bẹ̀ bàbá yín?"

"Ìka méjì péré ni, láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Ó ń ṣe mí láàánú. Ṣé o ò rí bó ṣe ń jẹun ni, bí ẹni tó ń sin ìjọba? Mo ní kí n kàn bá a mú un dùn díẹ̀."

Kó tó dá a lóhùn, ẹsẹ̀ mìíràn ti ń bọ̀. Ó fà á lẹ́wù sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọmọge ló wọlé, ó ń kọrin lábẹ́lẹ̀. Ó yọ bébà kan tó ká lábẹ́ gèlè, ó gbọn ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú ọbẹ̀, ó bo ìkòkò. Nígbà tó fẹ́ jáde, ó wolẹ̀.

"Dádì, ẹsẹ̀ yín hàn."

"Tèmi ńkọ́?" ni ìyá rẹ̀ wí.

Ọmọ náà ò lè sáré, kò sì lè dúró. "Mọ́mì, torí Bàbá Àgbà ni. Wọn ò lè sọ̀rọ̀, wọ́n á kàn máa ní ó dáa, ó dáa. Ó ń dùn mí."

"Wọlé síbí," ìyá rẹ̀ wí, torí bàtà onígìgísẹ̀ Àǹtí ti ń dún bọ̀.

Àǹtí gbé báàgì ọwọ́ rẹ̀ wọ ilé ìdáná. Èwo ni ti báàgì ọwọ́ nídìí ìkòkò? Ìgò kékeré kan ló yọ, ó sì wọ́n iyọ̀ sínú ọbẹ̀ náà bí ẹni tó ń da oúnjẹ fún adìyẹ. "Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá mi," ó ń wí lábẹ́ ẹnu. "Wọ́n ti fi àìdùn pa yín." Àṣé gbogbo Sátidé tó ń wá kí bàbá rẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Onídìrí fẹ́ jáde sí i. Nígbà náà ni wọ́n gbọ́ sálúbàtà Bàbá, tó ń wọ́ bọ̀ fẹ̀rẹ̀fẹ̀rẹ̀. Ara Àǹtí bù máṣọ. Ó ti ìgò bọ báàgì, ó sáré sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó sì bá odidi ìdílé níbẹ̀. Ó wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ sún díẹ̀ fún mi," ó wí.

Bàbá wọlé, ó gbé àwo ọbẹ̀ tí Àǹtí ti bù fún un kí Onídìrí tó dé dání. Gbogbo wọn di mímí mú. Òun nìkan ló kù tí kò tíì fiyọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n Bàbá ò wo ìkòkò rárá. Ó bu omi mímu, ó da díẹ̀ sínú àwo, ó rò ó, ó tọ́ ọ wò. Ó mi orí. Ó tún da omi sí i.

"Iyọ̀ yìí tún wá lé lónìí," ó wí fún ara rẹ̀.

Onídìrí jáde. Omi ti gba ojú rẹ̀, kò tilẹ̀ mọ̀gbà tó dé. "Bàbá, kí lẹ̀ ń ṣe?"

Bàbá fẹ́ fi ọwọ́ bo àwo, kò rí i bò. "Ìyàwó mi, má bínú. Mo mọ̀ pé àánú mi ló ṣe ọ́ tó o fi ń dá iyọ̀ padà. Mi ò fẹ́ kójú tì ọ́, mo wá ń fi omi là á. Tí mo bá sọ fún Nọ́ọ̀sì, á rò pé o ò gbọ́ràn."

"Kì í ṣe èmi, Bàbá."

"Ta wá ni?"

Ó fa ilẹ̀kùn. Ọkọ rẹ̀, ọmọ rẹ̀ àti Àǹtí tò mọ́ ògiri bí aṣọ tí wọ́n fi kọ́ ìṣó. Ọwọ́ pálábá gbogbo wọn ségi pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Bàbá wò wọ́n. Onídìrí rò pé á rẹ́rìn-ín, kò rẹ́rìn-ín. "Gbogbo yín?"

"Ìfẹ́ ni, Bàbá," Àǹtí wí.

"Mo mọ̀. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀ ń fẹ́ràn mi lọ sí sàréè." Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè. "Ẹ̀rù ọwọ́ yìí ń bà mí. Láti àná ni mi ò ti sùn dáadáa. Ẹni tí àánú mi bá ń ṣe, kó dìde láàárọ̀ ká jọ rìn. Kó jókòó ká jọ jẹ ọbẹ̀ àìníyọ̀. Ẹni tí kò bá lè ṣe ìyẹn, kó fẹnu sọ fún mi pé ó ń dun òun, á tó mi."

Ọmọge ti ń sunkún. Àǹtí kò mọ ibi tó máa fi ojú sí. Onídìrí gba àwo lọ́wọ́ Bàbá. "Iyọ̀ tó bá ti wọnú ọbẹ̀, omi kì í lé e jáde, Bàbá. Bẹ́ ẹ bá jẹ ẹ́ tán, ara yín náà ni gbogbo rẹ̀ ń lọ."

"Mo wá ń tan ara mi nìyẹn."

"A jọ ń tan ara wa ni," Àǹtí wí. Ó kọjú sí ìyàwó àbúrò rẹ̀, àgbà obìnrin náà sì tẹrí ba díẹ̀, ohun tí kò ṣe rí. "Ìyàwó wa, ohun tí mo sọ ní pálọ̀, o gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́, Mà."

"Fi orí jì mí. Bàbá ò ní bá mi lọ. Èmi ni n ó máa wá, kì í tún ṣe Sátidé nìkan."

"Ẹ bọ́ bàtà yẹn, Àǹtí mi," Onídìrí wí. "Àlùbọ́sà wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, ẹ bá mi gé e."

Ọkọ rẹ̀ gbé ìkòkò náà jáde lọ dà á nù, Ọmọge fọ̀ ọ́. Onídìrí pe oníbàárà rẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó so gèlè, kó máa bọ̀ nílé, àti pé òun á parí rẹ̀ láìgba nǹkan kan kún un. Ó gbé ọbẹ̀ tuntun kaná, gbogbo wọn ń wo ọwọ́ ara wọn bí olè tó ń ṣọ́ olè. Nígbà tó jinná, inú ìkòkò kan náà ni wọ́n ti bù fún gbogbo èèyàn, Onídìrí sì jókòó sáàárín wọn fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ pípẹ́.

Bàbá jẹ òkèlè kìíní. Ó jẹ èkejì. Ó gbé ojú sókè.

"Ìyàwó mi, ṣé kí n sòótọ́?"

"Ẹ sọ ọ́, Bàbá."

"Kò dùn."

Onídìrí ń retí kí ọ̀rọ̀ náà dun òun, kò dùn ún. Ara tù ú ni, torí láti ọjọ́ tí iyọ̀ ti kúrò nínú ọbẹ̀ ilé yìí, òótọ́ àkọ́kọ́ tí Bàbá sọ nípa rẹ̀ nìyí.

"Kò dùn rárá," Bàbá tún wí. Ó jẹ ẹ́ títí àwo fi mọ́, ó sì nà án sí i. "Bù sí i fún mi."