Ẹni Tí Bàbá Kọ Ṣáájú

Bàbá wọn ń ta pákó, ó sì ń kọ orúkọ ọmọ tuntun fún ìjọba. Láàárọ̀, ìdí ẹ̀rọ ìlagi rẹ̀ ló máa ń wà. Bí oòrùn bá ti kan àtàrí, á gbọn ìyẹ̀fun igi kúrò lára ṣòkòtò, á wọ kóòtù, á sì lọ jókòó sídìí tábìlì tí àwọn òyìnbó amúnisìn fi í sí.

Òfin kan ló ní níbẹ̀: kì í kọ àgbọ́sọ. Àfi kí bàbá tàbí ìyá ọmọ dúró níwájú tábìlì, kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ náà. Wọ́n ní nígbà tó kan ọmọ tirẹ̀, ó dìde lórí àga, ó yípo wá síwájú tábìlì, ó ní kí ìránṣẹ́ ọ́fíìsì bi òun léèrè. Ó dáhùn tán, ó padà lọ jókòó, ó kọ ọ́. Ìránṣẹ́ délé, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ọ̀gá òun ti ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ìtàn yìí ni Tíṣà, ọmọ rẹ̀ obìnrin, fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìtàn bàbá rẹ̀. Ìṣirò ló fi ọdún méjìdínlógójì kọ́ ọmọ kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì gbà pé ọ̀dọ̀ bàbá lòun ti jogún ìkórìíra irọ́. Nígbà tí Atẹ̀wé, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó ti kú, ń ṣe ìwé ìtàn ìdílé, tó ku ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ nìkan, Tíṣà fúnra rẹ̀ ló gbéra lọ sí ọ́fíìsì ìjọba. Ọjọ́ kejì ni ìwé máa wọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.

Wọ́n gbé ìwé orúkọ àtijọ́ sílẹ̀ fún un. Ó dá ọwọ́ bàbá rẹ̀ mọ̀ lójú ẹsẹ̀: lẹ́tà tó dúró ṣánṣán bí òpó ilé. Ó ń fìka tọ ìlà lọ. Ó rí orúkọ Télọ̀, àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ìyàwó kejì. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó rí orúkọ tirẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ọjọ́bọ̀, ọ̀sẹ̀ kan náà.

Ó bọ́ awò ojú, ó nù ún, ó tún kà á. Ìwé kò yí padà.

Ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ló ti ń jẹ́ ẹ̀gbọ́n. Télọ̀ ti gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti dìde fún un lórí àga, ó ti gba ìbáwí rẹ̀ láìfèsì. Ọjọ́ tí ìyá Tíṣà bí i ló kú. Ìyá Télọ̀ ló fún àwọn méjèèjì lọ́mú. Tíṣà kò ní àwòrán ìyá. Ipò ẹ̀gbọ́n yìí ló ní. Àṣé aṣọ aláṣọ ló ti ń wọ̀ bọ̀ láti kékeré.

Ó lè pa ìwé dé kó máa lọ. Ta ló máa wá yẹ̀ ẹ́ wò? Ṣùgbọ́n bó bá dákẹ́, irọ́ ni Atẹ̀wé máa tẹ̀. Bó bá sọ̀rọ̀, ipò lọ. Ó kọ ọjọ́ méjèèjì sórí bébà, ó sì forí lé ṣọ́ọ̀bù Télọ̀.

Télọ̀ wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, abẹ́rẹ́ lẹ́nu. Tíṣà rọra kúnlẹ̀. Orúnkún rẹ̀ dún.

"Ẹ káàsán, mà."

Télọ̀ yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu. "Kí ló já bọ́ tí ẹ ń wá nílẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni mò ń kí."

"Èmi kẹ̀? Oòrùn ti pa ẹ̀gbọ́n mi o. Ẹ dìde, mi ò lágbára àtigbé yín."

Tíṣà na bébà sí i. Télọ̀ wò ó, kò pẹ́ níbẹ̀, ó ká a.

"Ìyẹn náà nìyí," ó wí.

"Ẹ mọ̀?"

"Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá. Ọjọ́ tí mo ní mi ò ní fọ àwo yín mọ́ láé ni ìyá mi sọ ọ́ fún mi."

Télọ̀ ní ilé ìgbẹ̀bí ìlú kejì ni ìyáálé, ìyá Tíṣà, àti ìyá òun ti bímọ. Ará ilé kò mọ ọmọ tó ṣáájú. Bàbá gbé ọmọ méjì wọlé, ìyàwó kan ṣoṣo ló tẹ̀ lé e. Wọ́n bi í pé èwo ni ẹ̀gbọ́n. Ó wo ọmọ tí kò níyàá, ó ní, "Èyí ni."

"Ó wá bẹ ìyá mi," ni Télọ̀ wí. "Ó ní, 'Tìrẹ ní ìyá. Jẹ́ kí èyí náà ní nǹkan.'"

"Ó sì kọ òótọ́ sínú ìwé."

"Ọwọ́ rẹ̀ ò lè purọ́. Ẹnu ló rán níṣẹ́."

Tíṣà ti wà lórí àga báyìí. "Ọdún méjìdínláàádọ́rin lo fi mọ̀, tí o ń dìde fún mi? Inú ò bí ọ?"

"Ó bí mi gan-an nígbà tí ẹ pe ọkọ mi ní ọ̀lẹ."

"Ọ̀lẹ ni."

"Ọ̀lẹ ni, lóòótọ́." Télọ̀ rẹ́rìn-ín. "Ẹ rántí ọjọ́ tí wọ́n pe àwọn ìyá wá síléèwé? Ẹ sọ fún olùkọ́ pé ẹ̀gbọ́n lẹ̀yin, ẹ ò nílò kí ẹnikẹ́ni wá. Mo dúró lẹ́yìn yín. Ṣé èmi ni màá wá gba ìyẹn lọ́wọ́ yín?"

Fóònù dún. Atẹ̀wé ni. Ó ń dúró de ọjọ́ ìbí. Tíṣà sọ gbogbo rẹ̀ fún un, kò fi nǹkan pamọ́.

"Háà! Màmá Tíṣà, orúkọ ta ni kí n wá kọ ṣáájú?"

Télọ̀ fẹnu sún mọ́ fóònù. "Kọ ọ́ bí bàbá ṣe sọ!"

"Kọ ọ́ bó ṣe kọ ọ́," ni Tíṣà wí.

"Ẹ̀yin ìyá mi, ti ta ni kí n gbọ́?"

"Gbọ́ ti ẹ̀gbọ́n," ni Télọ̀ wí, bí ìṣe rẹ̀.

"Ta wá ni ẹ̀gbọ́n báyìí?"

Tíṣà wo obìnrin tó jókòó níwájú rẹ̀, irun funfun báláú, òwú tééré lára aṣọ.

"Èmi ni," ó wí. "Mo sì ní kí o kọ tirẹ̀ ṣáájú."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́..."

"Mo ti sọ̀rọ̀."

Télọ̀ fi etí aṣọ oníbàárà nu ojú. "Ó dáa, mà," ó wí.