Àgùntàn Tí Sà Humphrey Kò Fẹ́ Dárúkọ

Tí wọ́n bá ti jẹun tán nílé Sà Humphrey Holbeach, àwọn obìnrin á dìde, wọn á fi àwọn ọkùnrin sílẹ̀ nídìí ọtí wáìnì. Kẹ́síà, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, dìde lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló dúró sí, ó ń fetí kọ́. Jẹtiro Askew, akéwì ọ̀dọ́ tí ọkàn rẹ̀ yàn, fẹ́ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá lónìí.

Kẹ́síà ti kìlọ̀ fún un. "Bàbá mi máa ka ewì fún ẹ. Jọ̀ọ́, ṣáà yìn ín. Tó o bá fi bú u pẹ́nrẹ́n, àlùfáà arúgbó tó ń húkọ́ yẹn ni wọ́n máa fún mi fẹ́."

Sà Humphrey ka ewì náà lóòótọ́. Nínú ewì rẹ̀, àgùntàn kì í ṣe àgùntàn, "aláṣọ funfun orí pápá" ni. Ẹja di "ọmọ ilé omi abìpẹ́". Omidan tó ń da ẹran sì wọ bàtà sílíkì nínú ẹrẹ̀.

"Ó dáa gan-an, sà," ni Jẹtiro wí. Inú Kẹ́síà dùn. "Àmọ́..."

Ẹyin lọ̀rọ̀, ó ti bọ́.

"Àmọ́ kí ni?"

"Sà, àgùntàn la ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ yìí. Ṣé ẹ ní kí alásè lọ se aláṣọ funfun ni? Ẹ ti wọṣọ fún ewì yín títí kò fi lè mí mọ́. Bí ọkàn bá ṣe mọ̀ ọ́n lára, kí ẹnu sọ ọ́ bẹ́ẹ̀!"

"Ọmọ àná! Ó dáa, ìwọ tó ń pe nǹkan lórúkọ, kí lo wá ṣe nílé mi?"

Jẹtiro húkọ́. "Sà... bí ìjì ṣe ń jà láàárín àpáta, tí omi òkè ń ké, bẹ́ẹ̀ ni àyà mi..." Ó fọ̀rọ̀ gba orí òkè dé etí òkun, ó nawọ́ sí àjà, omijé ń bọ̀ lójú rẹ̀.

"Ṣé inú ń run ọ́ ni?" ni Sà Humphrey bi í.

Ó sú Kẹ́síà. Ó ti ilẹ̀kùn ṣí, ó wọlé, ohun tí obìnrin kankan kò ṣe rí nídìí wáìnì yẹn. "Bàbá mi, èmi ló fẹ́ fẹ́. Èmi náà sì fẹ́ ẹ."

Kẹ́síà ń retí kí òòrùn, ìràwọ̀ àti gbogbo òrìṣà ilẹ̀ Gíríìkì ya lù ú láti ẹnu bàbá rẹ̀. Bàbá wo ìwé ewì ọwọ́ rẹ̀ títí, kò rí nǹkan kan mú níbẹ̀.

"Ìwọ nìkan ni mo ní," ló wí. "Jọ̀ọ́, má lọ jìnnà."

Jẹtiro lanu, ó fẹ́ sọ pé ewì gidi nìyẹn. Kẹ́síà tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì lọ dì mọ́ bàbá rẹ̀.