Àmín Oṣù Sẹ́rẹ́

Ní ilé Tíṣà Ọlánípẹ̀kun ní Ọ̀fà, wọn kì í béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ohun tó fẹ́ fi odindi ọdún ṣe. Bàbá náà ti ṣe ọ̀gá ilé-ìwé rí kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì gbà pé ọdún gùn jù, pé ohun tó bá ti gùn, irọ́ ní í pọ̀ nínú rẹ̀. Oṣù kan ṣoṣo ló máa ń béèrè. Bí wọ́n bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì ọdún tuntun dé, tí wọ́n jẹ ìrẹsì tán, bàbá á nu ẹnu, á wo gbogbo wọn yí ká, á ní, "Ó yá. Kí ni kálukú fẹ́ gbé ṣe ní Jánúárì?" Wọn á máa dìde lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọmọ ilé-ìwé tó fẹ́ dáhùn ìbéèrè, wọn á sọ tiwọn. Bí ẹnì kan bá sọ tirẹ̀ tán, gbogbo ilé á ké "Àmín!", ẹni náà á sì jókòó.

Inú àmín yẹn gan-an ni wàhálà wà. Kò sí ẹni tó mọ ìgbà tí ìpinnu di àdúrà nínú ilé náà. Ẹni tó bá ní òun máa tún òrùlé ilé ìdáná ṣe, wọ́n á ní àmín. Ẹni tó bá ní òun máa fi ṣúgà sílẹ̀, àmín. Ẹni tó bá sì ti gbàdúrà ti ṣe tirẹ̀, ó kù sọ́wọ́ Ọlọ́run. Òrùlé ilé ìdáná ṣì ń jò. Bàbá fúnra rẹ̀ ló ní òun máa fi ṣúgà sílẹ̀, tíì rẹ̀ ṣì ń dùn bí oyin. Ẹnu dùn-ún ròfọ́, àwọn àgbà kò purọ́.

Dúpẹ́olúwa ni àkọ́bí bàbá, obìnrin ni. Ìjọba ìbílẹ̀ ló ń bá ṣiṣẹ́ ní Ilemona, àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ sì mọ̀ ọ́n sí ẹni tí kì í fi iṣẹ́ òní di ọ̀la. Ṣùgbọ́n nílé bàbá rẹ̀, ìpinnu kan náà ló ń sọ láti ọdún tó ti ṣe ìgbéyàwó: "Ní Jánúárì yìí, mo máa lọ kí Màámi ní Ojoku." Wọ́n á ní àmín. Á jókòó, ọkàn rẹ̀ á sì fúyẹ́ bí ẹni pé ó ti lọ, ó ti bọ̀.

Àǹtí Susannah ló ń pè ní Màámi, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin. Nígbà tí ìyá tó bí Dúpẹ́olúwa kú, ọmọ ọwọ́ ni. Àǹtí Susannah, tí Ọlọ́run kò fún lọ́mọ, ló pọ̀n ọ́n lọ sí Ojoku, tó fi owó ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo tọ́ ọ títí ó fi wọ Poly. Láàárọ̀, Àǹtí á gbé bàtà Dúpẹ́olúwa dání gba gbogbo ojú ọ̀nà eléruku, bí wọ́n bá dé ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé, á kúnlẹ̀, á nu ẹsẹ̀ rẹ̀, á wọ bàtà náà fún un. Dúpẹ́olúwa kò mọ̀ pé àwọn ọmọ yòókù ń wọ bàtà tiwọn fúnra wọn. Ó ti dàgbà díẹ̀ kó tó rí i.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, olóòtú ètò ní kí ìyá ìyàwó dìde. Mummy Evelyn, ìyàwó tí bàbá fẹ́ lẹ́yìn, ló dìde. Ẹnikẹ́ni kò lè bá a wí, ipò rẹ̀ ni. Àmọ́ Àǹtí Susannah náà ti ń dìde lọ́wọ́ ẹ̀yìn. Ó ti gbé ìdí kúrò lórí àga, ó ti ń tún gèlè ṣe, kó tó rí i pé ẹlòmíràn ti dìde. Ó wá wo Dúpẹ́olúwa. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ì bá parí gbogbo rẹ̀, kí ọmọ ní, "Màámi náà nìyẹn, ẹ jẹ́ kí wọ́n bọ́ síwájú." Dúpẹ́olúwa wo ilẹ̀. Àǹtí rọra jókòó padà. Kò bínú, kò ráhùn. Ó kí gbogbo ẹni tó yẹ kó kí, ó wọkọ̀ padà sí Ojoku kí oúnjẹ tó délẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ìtìjú ti dá Dúpẹ́olúwa dúró. Ó ń lọ sí Ilemona lójoojúmọ́, ó ń dé Ìlọrin bó bá wù ú, ṣùgbọ́n Ojoku tó wà nítòsí di ìlú òkèèrè.

Lọ́jọ́ kìn-ín-ní ọdún yìí, kí bàbá tó béèrè ohunkóhun, ó sọ ọ̀rọ̀ kan tó mú kí Dúpẹ́olúwa gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Mo bá Àǹtí yín sọ̀rọ̀ lórí fóònù láàárọ̀. Wọ́n ní ojú àwọn ń ṣú sí i. Wọ́n ní ṣe ló dà bí ìgbà tí èèyàn ń ti fèrèsé díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ní ó wu àwọn kí àwọn rí ojú Ayọ̀kúnnúmi kí fèrèsé náà tó tì tán."

Ayọ̀kúnnúmi ni ọmọ Dúpẹ́olúwa. Ó ti ń sáré, ó ti ń sọ̀rọ̀, ẹni tó tọ́ ìyá rẹ̀ kò sì tíì fi ojú kàn án rí. Nígbà tó kan Dúpẹ́olúwa, ó dìde, ó ní, "Ní Jánúárì yìí, mo máa gbé Ayọ̀ lọ kí Màámi ní Ojoku." Àmín tọdún yìí ju ti gbogbo ọdún lọ, nítorí ọ̀rọ̀ náà wúwo. Mummy Evelyn tilẹ̀ fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Dúpẹ́olúwa ti fẹ́ jókòó nígbà tí ẹnì kan ní, "Ọjọ́ wo ni, Mummy Ayọ̀?"

Aishat ni, ìyàwó tí Adétóyè àbúrò rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé. Ọmọ ilé Mùsùlùmí ni, kò mọ àṣà ilé náà. Nọ́ọ̀sì ni pẹ̀lú, ìdí abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé ló wà ní ilé ìwòsàn. Bí ìyá ọmọ bá sọ fún un pé òun ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, kì í ní àmín. Ọjọ́ ló máa ń béèrè. Bó ṣe béèrè nìyẹn, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, orúnkún rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀.  Adétóyè fi ẹsẹ̀ tọ́ ọ lábẹ́ tábìlì.

"Sátidé tó ń bọ̀," Dúpẹ́olúwa dá a lóhùn. Inú ń bí i. Ìyàwó àná lásán ló ń bi òun ní ìbéèrè yìí!

Nígbà tí Sátidé dé, ọyẹ́ mú gan-an, eruku bo ojú ọ̀nà, Ayọ̀kúnnúmi sì wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kan péré náà tó. Dúpẹ́olúwa bọ́ aṣọ tó ti wọ̀, ó fọ aṣọ ọmọ, ó ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kò jìnnà.

Lọ́jọ́ kejì ni fóònù rẹ̀ dún. Aishat ni.

"Ẹ kú ìrìn o, Mummy Ayọ̀. Ẹ kú wàhálà ọ̀nà lánàá."

Ìkíni nìyẹn. Ta ní í kọ ìkíni? Ẹnu Dúpẹ́olúwa ti sọ "O ṣeun, ìyàwó wa" kí ọkàn rẹ̀ tó rántí pé kò sí ìrìn kankan. Ó fẹ́ tún un sọ, ṣùgbọ́n Aishat ti ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

"Ojú wọn wá ńkọ́?"

"Wọ́n ń gbádùn. Kò le tó bí Daddy ṣe sọ ọ́."

"Alhamdulillah. Ọkàn mi balẹ̀ báyìí."

Dúpẹ́olúwa gbé fóònù sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara rẹ̀ ṣẹjọ́. Irọ́ kọ́ ni, ó ní. Bí òun bá lọ ní Sátidé tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ náà á di òótọ́. Ó kàn jẹ́ òótọ́ tó tètè dé ni. Ṣùgbọ́n Sátidé kejì, wọ́n pe ìpàdé ní ọ́fíìsì. Sátidé kẹta, kò tilẹ̀ wá àwáwí. Ẹni tó ti gba ẹ kú ìrìn, tó sì ti ròyìn ojú aláìsàn tí kò rí, ojú wo ló fẹ́ gbé dé ibẹ̀? Bí ìtìjú bá ti rí èkejì, wọ́n á jọ máa gbélé.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó kẹ́yìn oṣù ni Aishat yà sílé rẹ̀ nígbà tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Kò jókòó dáadáa kó tó sọ̀rọ̀.

"Mummy Ayọ̀, Màámi ṣubú láàárọ̀ yìí. Àga ló wà lójú ọ̀nà, wọn ò rí i. Daddy ló pè wá. Ọpẹ́ ni pé wọn ò dá léegun." Ó yíjú sí Dúpẹ́olúwa. "Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé ẹ ní ojú wọn ń gbádùn. Dókítà ojú kan wá sí ọ̀dọ̀ wa lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Mo ti bá wọn gba àyè fún Màámi. Nígbà tí ẹ sọ bẹ́ẹ̀, mo fi ẹlòmíràn sí i. Dókítà náà sì ti padà sí Ìlọrin."

 Dúpẹ́olúwa wo ilẹ̀, bó ṣe wo ilẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ó gbé ojú sókè.

"Mi ò lọ, Aishat. Mi ò dé Ojoku láti ọjọ́ tí mo ti ṣègbéyàwó. O kí mi kú ìrìn, mo sì gbà á."

Aishat kò pariwo. Ì bá sàn fún Dúpẹ́olúwa kó pariwo. Ó kàn gbé báàgì rẹ̀ lé orí ẹsẹ̀, ó ń wò ó bí ẹni tó ń wo ọmọ tí wọ́n gbé dé lẹ́yìn tí àìsàn ti wọlé. Nígbà tó yá, ó ní, "Dókítà náà máa ń rí èèyàn ní Ìlọrin lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Mo máa bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ ṣáà rí i pé wọ́n débẹ̀."

Ọjọ́ kejì ni oṣù Sẹ́rẹ́ parí. Dúpẹ́olúwa gba kẹ̀kẹ́, ó gbé ọmọ sórí ẹsẹ̀, ó ní kí oníkẹ̀kẹ́ dúró de òun níta bí wọ́n ṣe dé Ojoku. Àǹtí Susannah jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ó ń fi ọwọ́ wá ẹ̀gúsí inú àwo, ó ń bó o. Ara Àǹtí ti gbẹ. Ó gbọ́ ẹsẹ̀, ó yí ojú sí wọn, ṣùgbọ́n ojú náà bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n dúró sí.

"Ta nìyẹn?"

"Màámi, èmi ni."

Àǹtí nu ọwọ́ sí aṣọ. Ó gbé àwo ẹ̀gúsí sílẹ̀. "Dúpẹ́," ó ní, "ṣé o jẹun kó o tó kúrò nílé?"

Ìbéèrè yìí ló fọ́ Dúpẹ́olúwa. Ó kúnlẹ̀ sínú eruku, ó sunkún bí kò ti sunkún láti ìgbà tó ti wà lọ́mọdé nínú ilé yẹn. Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, ó ti Ayọ̀kúnnúmi síwájú. Ọwọ́ àgbà náà rìn lójú ọmọ lọ: iwájú orí, imú, ẹ̀rẹ̀kẹ́, àgbọ̀n. Ọmọ náà dúró jẹ́ẹ́.

"Lọ́dún tuntun," Àǹtí ní, "mo ṣì ń rí òjìji èèyàn. Bàbá rẹ ní o ti sọ ọ́ lójú gbogbo ilé pé o máa wá lóṣù yìí. Mo ní àmín. Ọdọọdún ló máa ń pè mí, ọdọọdún ni mo máa ń ní àmín." Ó ṣì ń fọwọ́ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà. "Ó jọ ẹ́?"

"Ẹ̀yin ló jọ, Màámi."

"Irọ́ lò ń pa." Ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín.

"Màámi, ẹ dárí jì mí. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ẹ ti ń dìde. Mo rí yín, mo wo ilẹ̀."

"Mo mọ̀," Àǹtí ní. "Ojú mi ṣì ń ríran nígbà náà."

Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú.  Dúpẹ́olúwa fi aṣọ nu ojú.

"Dókítà kan wà ní Ìlọrin, Màámi. Wọ́n ní ó mọ iṣẹ́ ojú. Bóyá ó lè gba èyí tó kù là, bóyá kò lè ṣe é. Mo fẹ́ mú yín lọ."

Àǹtí Susannah gbé ojú sókè bó ti máa ń ṣe bí wọ́n bá gbàdúrà. Ó ti ya ẹnu.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe àmín," Dúpẹ́olúwa tètè sọ. "Kẹ̀kẹ́ wà níta. Ọ̀dọ̀ mi lẹ ó sùn lálẹ́ yìí. Ọjọ́ Mọ́ńdè la ń lọ."

Ó wọlé, ó di aṣọ díẹ̀ sínú àpò, ó sì wá bàtà Màámi rí lábẹ́ ibùsùn. Ó gbé e jáde. Ó kúnlẹ̀, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu eruku kúrò lẹ́sẹ̀ ìyá náà, ọ̀tún lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà òsì, ó sì wọ bàtà náà fún un.