Kò Sẹ́ni Tó Kọjá Mi Lórí Òkè

Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kejì ọdún 2024, Elizabeth ìyàwó mi kú. Àìsàn kíndìnrín ni. A sin ín sí Queens, ní New York. Òtútù mú gan-an lọ́jọ́ náà, àwọn tó wá síbẹ̀ kò pẹ́ kí wọ́n tó lọ, n kò sì bá wọn wí.

Mo ti fẹ̀yìn tì nígbà náà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìtajà bàtà kan ní Fordham, ní Bronx. Iṣẹ́ ọlọ́dẹ kọ́ mi bí a ti ń dúró, kò kọ́ mi bí a ti ń jókòó. Síbẹ̀ àwọn ọjọ́ yòókù nínú ọ̀sẹ̀ ṣeé mú mọ́ra. Sátidé ni kò ṣeé mú mọ́ra. Sátidé ni èmi àti Elizabeth máa ń gbé aṣọ lọ sí ibi ìfọṣọ. A ó jókòó síwájú ẹ̀rọ, òun yóò máa sọ̀rọ̀, èmi yóò máa wo aṣọ bí wọ́n ti ń yí. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ mo dá lọ. Aṣọ tèmi nìkan kò kún ẹ̀rọ.

Kànmí ni ó mú ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ wá. Nọ́ọ̀sì ni Kànmí, ó sì ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa. Òun àti Mùnírù ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí ó ń wa táksí, máa ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere lórí àwọn òkè ẹ̀bá odò Hudson ní gbogbo Sátidé ìgbà òtútù. Wọ́n ń múra sílẹ̀ fún ìrìn ọlọ́gọ́rùn-ún máìlì kan tí wọ́n ń ṣe nígbà tí ojú ọjọ́ bá ti móoru. Ní ọdún tó ṣáájú, ọkọ̀ tí ń tẹ̀lé ẹ̀yìn láti ṣa àwọn tó bá falẹ̀ ni ó ṣa àwọn méjèèjì, tòun ti kẹ̀kẹ́ wọn. Mùnírù ní awakọ̀ ni òun, òun ni òun ń gbé èèyàn, èèyàn kì í gbé òun. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ egungun. Ohun tí wọ́n ń lépa lọ́dún yìí kò ju kí wọ́n má tún wọ ọkọ̀ yẹn lọ.

"Bàbá Doyin, ẹ máa bá wa lọ," Kànmí sọ.

"Mo ti mọ kẹ̀kẹ́ gùn kí wọ́n tó bí ẹ."

"Mo mọ̀, sà. Ìdí tí mo fi wá nìyẹn."

Mo sọ fún un pé nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, mo gun kẹ̀kẹ́ láti Abẹ́òkúta dé Ìbàdàn. Òótọ́ ni. N kò sọ pé inú ọkọ̀ akẹ́rù ni mo wà nígbà tí mò ń padà bọ̀.

Doyin ọmọ wa, tí ó ń gbé ní Houston, ra kẹ̀kẹ́ fún mi. Kànmí mú ṣòkòtò dúdú kan wá, irú èyí tó máa ń lẹ̀ mọ́ni lára pátápátá. Mo wọ̀ ọ́ ní Sátidé àkọ́kọ́, mo wo ara mi nínú dígí, mo sì pinnu láti gba orí àtẹ̀gùn sọ̀kalẹ̀, kí n má bàa pàdé ẹnikẹ́ni nínú lífíìtì. Orí àtẹ̀gùn náà ni mo ti pàdé Alhaja Rùkáyàt aládùúgbò mi, tí ẹ̀rù lífíìtì máa ń bà.

"Bàbá Doyin." Ó gbé ojú sókè, kò sì jẹ́ kí ó wálẹ̀ mọ́. "Ṣé kò sí o?"

"Kò sí, Alhaja. Kẹ̀kẹ́ ni mo fẹ́ lọ gùn."

"Nínú òtútù yìí?"

"Wọ́n ní ó dára fún ọkàn."

"Kí Ọlọ́run bá wa tọ́jú ọkàn náà," ó sọ. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ kóòtù lé e."

Mo padà sókè, mo wọ kóòtù lé e. Kóòtù tí mo ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni, tó gùn dé orúnkún, mo sì fi okùn di ìdí rẹ̀ kó má bàa wọ inú táyà. Mo dé fìlà òtútù Elizabeth sábẹ́ akoto. Ó ní bọ́ọ̀lù òwú kékeré kan lórí, nítorí náà akoto náà kò jókòó dáadáa, ó ga sókè bí ìkòkò tí wọ́n gbé ka orí òkúta. N kò gé bọ́ọ̀lù náà kúrò.

Nígbà tí Kànmí fẹ́ bá mi gbé àpò mi, ó gbé e díẹ̀, ó sì tún un gbé sílẹ̀.

"Bàbá, kí ló wà nínú èyí?"

"Ṣéènì àti àgádágodo."

"Ta ló fẹ́ jí kẹ̀kẹ́ lórí òkè?"

"Olè pọ̀ ní Bronx."

"A ò ní sí ní Bronx, sà."

"Olè náà lè mọ kẹ̀kẹ́ gùn."

Mùnírù yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń wúkọ́.

Nígbà tí a dé ìsàlẹ̀ òkè àkọ́kọ́, ní òdìkejì afárá odò Hudson, Mùnírù dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. "Ẹ máa lọ níwájú, Bàbá." Mo lọ níwájú. Mo ti retí pé wọn yóò kọjá mi kí a tó dé ibi tí ọ̀nà ti yí. Wọn kò kọjá mi. Ọ̀nà yí, ó tún yí, kò sẹ́ni tó kọjá. Mò ń gbọ́ wọn lẹ́yìn mi, wọ́n ń sọ̀rọ̀ rent, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Èmi ní tèmi kò lè sọ "hẹn". Mo rò ó lọ́kàn ara mi pé ẹni tó bá fẹ́ gun òkè kò yẹ kó máa rojọ́, àti pé ọ̀rọ̀ sísọ ni ó ń fà wọ́n sẹ́yìn.

Èmi ni mo kọ́kọ́ dé òkè, èmi ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin. Mo dúró ti kẹ̀kẹ́ mi, mo ń làágùn. Àwọn méjèèjì dé, wọ́n ń gbọ̀n. Mùnírù ń fi ẹsẹ̀ kilẹ̀ nítorí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú. Àánú wọn ṣe mí.

"Ẹ máa jẹ ẹ̀wà," mo sọ fún wọn. "Agbára yóò dé díẹ̀díẹ̀."

"A ó jẹ ẹ̀wà, sà," Kànmí sọ. Eyín rẹ̀ ń lu ara wọn.

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ní gbogbo oṣù Kejìlá àti ọ̀pọ̀ nínú oṣù Kìíní. Omi máa ń di yìnyín nínú ìgò wọn. Tèmi kì í dì, nítorí fíláàsì Elizabeth ni mo ń gbé, tíì gbígbóná ni ó sì máa ń wà nínú rẹ̀. Mo sọ fún Doyin lórí fóònù pé wọn kò rí mi kọjá. Mo sọ fún Alhaja Rùkáyàt lórí àtẹ̀gùn. Mo sọ fún àlùfáà wa, àlùfáà sì fi mí ṣe àpẹẹrẹ nínú ìwàásù, pé ẹ wo bàbá yìí, bí Olúwa ti ń sọ agbára àgbà di ọ̀tun. Mo wo ibi tí Kànmí jókòó sí láàárín àwọn akọrin. Ó ti tẹ orí ba ìwé orin rẹ̀. Mo rò pé ojú ń tì í nítorí ara rẹ̀ ni.

Ohun kan wà tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà tí a ti sin Elizabeth, alẹ́ Sátidé tí mo bá gun kẹ̀kẹ́ nìkan ni mo ń sùn títí ilẹ̀ fi ń mọ́.

Nígbà tí ìrántí ọdún kan ń súnmọ́, Doyin pè mí. "Daddy, ṣé kí a gba gbọ̀ngàn?"

"Rárá. Bear Mountain ni mo fẹ́ gùn."

"Daddy, èèyàn kì í fi kẹ̀kẹ́ ṣe ìrántí."

"Èmi yóò fi ṣe é."

"Kí ló kan Mummy kan òkè?"

Elizabeth rí i lẹ́ẹ̀kan láti ojú fèrèsé rélùwéè. Ó bi mí bóyá èèyàn ń gbé orí rẹ̀, mo ní n kò mọ̀, ó ní kí a lọ wò ó lọ́jọ́ kan. Èyí ni mo sọ fún Doyin. Kò sọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn mọ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì kí ọjọ́ náà tó pé ni Nicole bá wa lọ. Òun àti Kànmí jọ ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù kan náà. St. Albans ní Queens ni ó ń gbé, Jàmáíkà ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. A bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè, èmi níwájú gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. Kò pẹ́ tí ẹnì kan sọ "Good morning, sir" létí mi, Nicole sì kọjá mi bí ẹni tó gbàgbé ìkòkò sórí iná.

Mo kígbe sẹ́yìn. "Mùnírù, lé e."

"Ẹsẹ̀ ń dùn mí, Bàbá." Ohùn rẹ̀ balẹ̀, bíi ti ẹni tó fẹ̀yìn ti àga ní pálọ̀.

Nígbà tí a dé òkè, Nicole ti ń dúró dè wá. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì bi Kànmí bóyá ara rẹ̀ kò yá ni. Ó ní ní Wẹ́sidé, lórí òkè yìí kan náà, Kànmí àti Mùnírù fi òun sílẹ̀ tí òun kò fi rí ẹ̀yìn wọn mọ́. Mùnírù tẹ orí ba ṣéènì kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ń wò ó bí ẹni tó ń kàwé.

"Wẹ́sidé wo?" mo bi wọ́n.

"A máa ń wá ní Wẹ́sidé náà, sà," Kànmí sọ. "Tí a bá ti kúrò níbi iṣẹ́."

"Ẹ sì ń sáré ní Wẹ́sidé."

"Díẹ̀, sà."

"Ní Sátidé ńkọ́?"

Ó wo Mùnírù. Mùnírù kò gbójú kúrò lára ṣéènì. "Bàbá, báwo la ṣe máa kọjá yín? Ká wá já yín sílẹ̀ lójú ọ̀nà, ká kọ ẹ̀yìn sí yín?"

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ àkọ́kọ́, sà."

Mo ṣí fíláàsì, mo bu tíì mu. Nígbà náà ni mo rí ìdí tí wọ́n fi ń gbọ̀n. Ẹni tó bá ń rìn bí ìgbín lórí òkè nínú òtútù, kí ni yóò mú ara rẹ̀ gbóná?

"Ẹ̀wà tí mo ní kí ẹ jẹ ńkọ́?"

"A jẹ ẹ́, sà," Mùnírù sọ.

"Ó dára. Ó ṣiṣẹ́."

Alẹ́ Sátidé yẹn, n kò sùn. Mo jókòó, mo ń ro ìwàásù àlùfáà. Mo rò pé n kò ní lọ mọ́, ìtìjú sì ni ìdí rẹ̀, n kò ní pè é ní orúkọ mìíràn. Ṣùgbọ́n tí n kò bá lọ, ibi ìfọṣọ ni, àti ẹ̀rọ tí kò kún. Tí mo bá sì ń lọ bí mo ti ń lọ, ọkọ̀ yẹn yóò tún ṣa Kànmí àti Mùnírù, èmi ni yóò sì tì wọ́n sínú rẹ̀. Mo rò ó títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ní Sátidé tó súnmọ́ ìrántí náà jù lọ, àwa mẹ́rin gbé kẹ̀kẹ́ wa wọ rélùwéè, a sì dé ìsàlẹ̀ Bear Mountain. Yìnyín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà gbẹ. Kànmí dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ẹ máa lọ níwájú, Bàbá."

"Rárá. Lónìí, ẹ̀yin ni ẹ máa lọ."

"Kò bójú mu, sà," Mùnírù sọ.

"Ta ló dàgbà jù níbí?"

"Ẹ̀yin ni."

"Ṣé ẹ máa ń gbọ́ràn sí àgbà lẹ́nu?"

"À ń gbọ́ràn, sà."

"Mo ní kí ẹ kọjá."

Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. A bẹ̀rẹ̀ sí gùn ún, mo wo ẹ̀yìn, wọ́n wà lẹ́yìn mi. Nicole náà wà lẹ́yìn mi. Wọ́n ti bà á jẹ́. Mo ń lọ, wọ́n ń lọ. Nígbà tí a dé bí ìdajì òkè, mo sọ̀ kalẹ̀, mo gbé kẹ̀kẹ́ mi kúrò lójú ọ̀nà, mo sì dúró sínú yìnyín. Ẹni tó dúró ń dúró ni, kò sẹ́ni tó lè sọ pé wọ́n já a sílẹ̀.

Nicole ni ó kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn náà ni Kànmí. "Ẹ má bínú, sà." Mùnírù fẹ́ dọ̀bálẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Ó yọ ọwọ́ kan, ó tẹ orí ba, kẹ̀kẹ́ fì, díẹ̀ ló kù kó wọ inú kòtò.

"Ẹ kú ìdúró o, Bàbá," ó sọ bí ó ti ń tún ara rẹ̀ ṣe.

"Wo iwájú rẹ."

Wọ́n lọ. N kò mọ̀ pé èèyàn lè yára tó bẹ́ẹ̀ lórí òkè. Ní ibi tí ọ̀nà ti yí, wọn kò sí mọ́, kò sì sí ohùn ẹnikẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ rent lẹ́yìn mi.

Mo dé orí òkè náà lọ́jọ́ yẹn. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má bàa dààmú. Mo fi ẹsẹ̀ rìn ní ibi púpọ̀. Nígbà tí mo dé, wọ́n dìde fún mi, wọ́n ń gbọ̀n, wọn kò sì tíì tú búrẹ́dì wọn nítorí pé àgbà kò tíì dé. Kò sẹ́ni tó ń gbé orí òkè náà. Mo wò ó dáadáa. Ohun tí mo kó sílẹ̀ ní ìdajì ọ̀nà kí ara mi lè fúyẹ́, mo bá gbogbo rẹ̀ níbẹ̀ nígbà tí a ń sọ̀kalẹ̀. Mùnírù ní bóyá olè náà ṣì ń bọ̀ lọ́nà.

Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, tí òkè dákẹ́, ohun tó kù lẹ́yìn nìyí:

Ṣéènì kan àti àgádágodo rẹ̀.

Sípánà díẹ̀, àti òòlù kan tí n kò lè sọ ìdí tí mo fi gbé e.

Sadíìnì agolo kan.

Kóòtù ṣọ́ọ̀ṣì, mo fi kọ́ ẹ̀ka igi.

Fíláàsì Elizabeth, tíì rẹ̀ ṣì gbóná.

Fìlà Elizabeth, tòun ti bọ́ọ̀lù orí rẹ̀.

Ọkọ Elizabeth, tó dé fìlà náà, tó ti tún gun kẹ̀kẹ́, tó ń bọ̀.