Fíìmù Tó Ń Lé Mi Kiri

Bí mo bá jáde báyìí... rárá. Kí n tún yí ẹja yìí. Ó ti jinná, ó ti fẹ́ máa jóná, ṣùgbọ́n kí n ṣáà yí i. Ẹni tó ń din ẹja rí ìdí dúró sí kíṣínì.

Ohùn mi nìyẹn. Láti pálọ̀ ló ti ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé wá bá mi. Ohùn ìgbà ọ̀dọ́ mi, ó mú bí abẹ — mò ń lé ìyá ọkọ mi jáde nílé, mò ń da ẹrù rẹ̀ síta. Eré ni o! Eré lásán! Ta ni mo fẹ́ ṣàlàyé fún?

Ìyá Làtíìfù ló jókòó síbẹ̀, ìyá àfẹ́sọ́nà Hameedah ọmọ mi. Ó wá ká lè mú ọjọ́ yìgì. Hameedah ní kí òun má jẹ́ kó sú wọn. "I'll put a Yoruba film on fún yín, ma." Nínú gbogbo fíìmù ayé! Ẹni tí à bá ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ò mọ̀. Mi ò sọ fún un rí.

"Àwọn eléré wọ̀nyẹn? Èmi ò lè gba ọmọ wọn wọ family mi o." Ní ọjà Rye Lane ní London níbí ni Ìyá Làtíìfù ti sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan, níbi tá a ti ń ra iṣu, ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Kí ni ǹ bá ṣe?

Mo rò pé fíìmù yìí ti kú. Kásẹ́ẹ̀tì ni Akínbọ̀wálé, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, fi kọ́kọ́ gbé e jáde. Ojú mi gba gbogbo iwájú páálí. Bàbá Hameedah ní kí n yàn, òun tàbí eré. Mo yàn án, a kó wá sí London. Ayé kásẹ́ẹ̀tì kọjá, mo mí kanlẹ̀. Ni CD bá dé — mo bá a lórí àtẹ ní Peckham níbí, ojú mi ti kéré. DVD dé, wọ́n ti yọ mí kúrò lára páálí, ọmọbìnrin tó kàn gbé omi wá fún wa ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, torí òun ló wá lókìkí. Tẹlifíṣọ̀n tún gbà á. Ó wá di ti YouTube... Akínbọ̀wálé kì í sọ nǹkan nù. Ibo ni kí n tún sá sí? Àjà kẹta la wà, fèrèsé yìí ò gba ẹ̀dá.

Wọ́n ti dé ibi tí mo ti ń sunkún. Ẹnu mi ń bá fíìmù sọ ọ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà ṣì wà lórí mi! Kí ló dé tí pálọ̀ pa rọ́rọ́? Wọ́n ti mọ̀. Yèé, wọ́n ti mọ̀ —

Wọn ò mọ̀. Ìyá Làtíìfù ló fọn imú. Ó ń sunkún.

"Hameedah, wo ọbìnrin yìí. See acting! Kò sí irú wọn mọ́. Ó ti kú tipẹ́, wọ́n ní orí ìkúnlẹ̀ ló kú sí. Kí Ọlọ́hun forí jì í."

"Aww. That's so sad, ma."

Ọmọ mi nìyẹn. Ó wo ojú mi nínú fíìmù, kò mọ̀ mí.

Ó yẹ kí n dúpẹ́. Yìgì ò bàjẹ́, àṣírí bò. Kí ló wá ń dùn mí tó báyìí? Sherifat, má parọ́ fún ara rẹ. Láti ìgbà tó o ti wà nílùú yìí lo ti ń retí ẹnì kan, ẹnì kan ṣoṣo, tó máa dá ọ dúró lójú ọ̀nà, tó máa ní, "Aunty, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kì í ṣe ẹ̀yin ni?"

"Mum, aren't you coming?"

Mo pa iná. Mo fẹ́ sọ pé mò ń bọ̀, ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn ló bọ́ lẹ́nu mi.

"Àmín," ni mo wí sí àdúrà Ìyá Làtíìfù.