Ẹni Tó Bá Kọ́kọ́ Gbọ́ Fèrè

Sàdíátù ti ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ àpótí náà títí dé ìgunpá, ó ń wá ẹ̀pà. Òun fúnra rẹ̀ ló di í sínú àpò, tó fi aṣọ wé àpò náà, tó tún wá fi bàtà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, àfi bí ẹni pé ẹ̀pà ń gbèrò àtisá lọ. Fóònù wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ohùn Qúdrát, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ń ti Ọsirélíà bọ̀ nínú rẹ̀.

"Màámi, ṣé ẹ ti yọ ọ́?"

"Mò ń yọ ọ́. Ẹ̀pà ìlú Ara gidi ni o, Qúdrá. Ó lọ́ràá."

"Mo mọ̀, Màámi. Àwọn aṣọ́bodè ibí ò fẹ́ rí kóró kankan, ẹjọ́ ni wọ́n máa fi ṣe. Irú ńkọ́?"

"Mo ti yọ irú."

"Ewé àgbo tẹ́ ẹ sá gbẹ?"

Sàdíátù tún ki ọwọ́ bọ àpótí. Kò tíì yọ ewé.

"Ẹ yọ ọ́, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ rí, kì í ṣe ewé." Qúdrát rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín aboyún tí oṣù rẹ̀ ti pé, tí èémí kò tó mọ́. Lẹ́yìn náà, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni pé àwọn aládùúgbò lè gbọ́ ọ láti òkè òkun. "Ẹ ò sì tíì sọ fún ẹnikẹ́ni?"

"Ta ni n ó sọ fún?"

"Màmá Kúlúsúmù gan-an?"

"Mi ò sọ fún un."

Òótọ́ ni, kò sọ. Ìyẹn ló fà á tí gbogbo fèrèsé ilé fi wà ní títì ní ojúmọmọ, tí òógùn sì bo Sàdíátù bí ẹni tó ń dáná ìrẹsì ìgbéyàwó. Bí ilẹ̀ ọ̀la bá mọ́, Zakariyah, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, yóò ti Abẹ́òkúta dé, yóò sì gbé e lọ sí Èkó, níbi tí yóò ti wọ bàálù. Ọdún kan gbáko ni yóò lò lọ́dọ̀ Qúdrát. Àkọ́bí ń bọ̀, ta ni yóò wẹ ọmọ náà bí kò bá ṣe ìyá ìyá rẹ̀? Obìnrin tí kò tíì kọjá Èkó rí, òun ni yóò fò kọjá òkun.

Gbogbo ètò ìrìnàjò yìí, bí olè ni Sàdíátù ṣe ń ṣe é. Ọjọ́ tí Zakariyah mú un lọ sí Èkó láti lọ tẹ̀ka nítorí físà, ìsọmọlórúkọ ló ní òun lọ jẹ. Ọjọ́ tó ra ìbọ̀sẹ̀ onírun ní Owóde, nítorí Qúdrát ní òtútù ń mú lọ́hùn-ún lásìkò tí òjò ń rọ̀ ní Ẹdẹ, ó ní ọmọ ọmọ òun kan ló fẹ́ fi ṣeré nílé ìwé. Irọ́ kì í pẹ́ dàgbà. Ó ti wá ń ṣòro fún un láti rántí èyí tó pa fún ta.

Kì í ṣe òun ló fẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Qúdrát ṣẹ̀ṣẹ̀ délé ọkọ lọ́hùn-ún, wọ́n ti bá Sàdíátù tọrọ físà yìí rí, àwọn tó ń fúnni sì kọ̀ jálẹ̀. Lẹ́yìn àwọn ọmọ rẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló sọ fún nígbà náà, Kúlúsúmù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, ni. Qúdrát kò fi ẹnu burúkú kan Kúlúsúmù o. Ó kàn ní, "Màámi, ayé ò ṣeé finú hàn." Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀ a di odindi. Ọ̀rọ̀ náà ti di odindi nínú Sàdíátù, ó jókòó síbẹ̀, ó sì ń dùn ún.

"Onílé ńbí?"

Àyà Sàdíátù já. Kò sí ẹlòmíràn tó ń kí báyẹn. Ó ju ẹní bo àpótí, ó ti fóònù bọ abẹ́ ìrọ̀rí, ó sì jáde sí pálọ̀ pẹ̀lú ẹ̀pà nínú ìṣẹ́po aṣọ. Lẹ́yìn rẹ̀, Qúdrát ṣì ń pe "Màámi? Màámi?" lábẹ́ ìrọ̀rí.

Kúlúsúmù ti wọlé, ó fi ọ̀pá rẹ̀ ti ara ògiri. Ọjọ́ ti pẹ́ tí orúnkún ti ń yọ ọ́ lẹ́nu, ikọ́ tó sì mú un láti ìgbà ọyẹ́ kò tíì fi í sílẹ̀.

"Sàdíá, ṣé ara rẹ ò yá ni, tó o ti gbogbo fèrèsé pa?"

"Ẹ̀fọn ni."

"Ẹ̀fọn, ní ọ̀sán?" Ó wo ìṣẹ́po aṣọ Sàdíátù. "Ẹ̀pà wá ńkọ́?"

"Mò ń ṣà á ni. Mo fẹ́... mo fẹ́ lọ kí Zakariyah ní Abẹ́òkúta lọ́la. Mo lè lo ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan."

"Abẹ́òkúta," ni Kúlúsúmù wí.

Ó jókòó díẹ̀. Ó wo làálì tuntun tó pọ́n wẹ̀ẹ̀ lẹ́sẹ̀ Sàdíátù. Ó wo ilẹ̀kùn yàrá, níbi tí ohùn kan ti ń dún wúyẹ́wúyẹ́ tó sì wá dákẹ́. Kò béèrè nǹkan kan. Nígbà tó ṣe, ó mú ọ̀pá rẹ̀.

"Bá mi kí Zakariyah. Ẹ̀pà yẹn, sè é kó o tó lọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti jẹ ẹ̀pà ọwọ́ rẹ."

Sàdíátù dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọ́ ìró ọ̀pá náà títí tó fi yà ní kọ̀rọ̀. Ì bá tẹ́ ẹ lọ́rùn ká ní Kúlúsúmù bú u, tàbí kó fa ọ̀rọ̀ yọ lẹ́nu rẹ̀ bó ti máa ń ṣe. Ó padà wọlé, ó rẹ ẹ̀pà sómi.

Nígbà tí ẹ̀pà rọ̀ tó sì ń hó lórí iná, tí òórùn rẹ̀ gba ẹ̀yìnkùlé, Sàdíátù jókòó tì í lórí àpótí ìdáná, ọkàn rẹ̀ sì sáré padà sí téṣàn. Nígbà tí rélùwéè ṣì jẹ́ rélùwéè ni. Ọkọ̀ ojú irin á ti Èkó bọ̀, á máa lọ sókè Ọya, á dúró díẹ̀ ní Ẹdẹ, kí ó sì tó dúró tán, àwọn tó ń kiri ọjà á ti bo gbogbo fèrèsé rẹ̀. Sàdíátù ń ta ẹ̀pà sísè, Kúlúsúmù ń ta ọsàn bíbó. Ẹ̀gbọ́n ń bẹ nídìí ọjà náà, ìyàwó ilé ń bẹ níbẹ̀, gbogbo wọn ló sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi ìgunpá ti ọmọdé. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ìdí fèrèsé ló ń tà tán. Ẹni tó bá pẹ́, ẹ̀yìn ọkọ̀ ni yóò máa wò.

Kúlúsúmù ní ọgbọ́n kan. A dùbúlẹ̀ gbalaja, a gbé etí lé irin, a sì gbọ́ ọkọ̀ nígbà tó ṣì wà lápá Ìwó. Sàdíátù ní tirẹ̀, etí fèrè ló ní. Ọjọ́ mìíràn òun ló ń kọ́kọ́ gbọ́, ọjọ́ mìíràn Kúlúsúmù ni. Ṣùgbọ́n òfin kan wà láàrin àwọn méjèèjì tí ẹnì kankan kò kọ́ wọn: ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́, kò gbọdọ̀ sáré láìpe èkejì. "Kúlú o! Ó ń bọ̀ o!" "Sàdíá o! Ó ń bọ̀ o!" Kódà lásìkò tí wọ́n jà nítorí ìlẹ̀kẹ̀, tí wọn kì í kí ara wọn, Sàdíátù wà nínú igbó níbi tó ti lọ gbọnsẹ̀ nígbà tó gbọ́ igbe Kúlúsúmù: "Sàdíá o! Ó ń bọ̀ o! Mi ò bá ọ sọ̀rọ̀ o, ṣùgbọ́n ó ń bọ̀ o!"

Sàdíátù rẹ́rìn-ín nídìí iná, ó fi etí aṣọ nu ojú. Èéfín ni, kì í ṣe èéfín nìkan.

Wọ́n máa ń dúró wo ẹ̀yìn ọkọ̀ náà títí tó fi máa kéré. Níbo ló ń lọ gan-an? Wọ́n ti pinnu pé àwọn á wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kan, àwọn á sì lọ dé ibi tí irin parí sí, ẹnì kan kò sì ní wọ̀ ọ́ láìsí èkejì. Lẹ́yìn náà ni ọkọ dé, ọmọ dé, ọjà dé. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tó yá kò dé mọ́ rárá. Koríko bo téṣàn. Wọn kò wọ̀ ọ́.

Ó ro ẹ̀pà, ó tọ́ iyọ̀ rẹ̀ wò. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti bá a, bí ìgbà tí èèyàn rántí pé òun gbé omi kaná gbàgbé. Fèrè ti fọn. Òun ti gbọ́ ọ láti oṣù tó kọjá. Òun sì ti ń sáré lọ, òun kò pe Kúlú.

Lẹ́yìn ìrun Àlàásàrí, ó gbé abọ́ ẹ̀pà, ó fi ìdérí bò ó, ó sì jáde. Ojú irin ló wà láàrin ilé òun àti ilé Kúlúsúmù. Bó ti ń sọdá, ó fi ẹsẹ̀ kan irin náà. Ó tutù, ìpẹtà ti bò ó. Ní gbogbo ọ̀nà, ohun tó fẹ́ sọ ló ń tò sẹ́nu: yóò gbé ẹ̀pà kalẹ̀, yóò ní ó dìgbà, yóò máa lọ. Qúdrát kò ní lè bá a wí.

Kúlúsúmù jókòó lórí ẹní lábẹ́ igi ọ̀dán iwájú ilé rẹ̀, ó kẹ̀yìn sí ọ̀nà, tẹ̀sùbáà ń lọ díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti kéré. Ìgbà wo ló kéré tó báyìí? Sàdíátù la ẹnu láti kí i, ohun mìíràn ló jáde.

"Kúlú o! Ó ń bọ̀ o!"

Ewúrẹ́ kan fò sẹ́gbẹ̀ẹ́. Tẹ̀sùbáà dúró. Kúlúsúmù kò tètè yíjú padà.

"Ó pẹ́ kó o tó pè," ló wí. "Mo ti gbé etí lé irin láti ọjọ́ yìí."

Sàdíátù jókòó tì í, abọ́ ẹ̀pà lórí itan. "Ọsirélíà ni. Qúdrát fẹ́ bímọ. Ọdún kan ni."

"Mo mọ̀ pé kì í ṣe Abẹ́òkúta. Ta ní ń wọ ìbọ̀sẹ̀ onírun lọ sí Abẹ́òkúta? Ìyá tó tà á fún ọ ní Owóde, àbúrò ọkọ mi ni."

"Àwọn ọmọ ló ní n má sọ."

"Wọ́n gbọ́n. Èmi náà ì bá sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn."

"Kúlú, kì í ṣe pé mo rò pé ìwọ..."

"Dúró ná." Kúlúsúmù gbé ọwọ́ sókè, ó wú ikọ́ tán. "Nígbà tí wọn ò fún ọ ní físà lọ́jọ́sí, tó o wá bá mi, mo ní kí Ọlọ́run fi èyí tó dára jù ú lọ rọ́pò. Àmọ́ inú mi dùn, Sàdíá. O kúrò lọ́dọ̀ mi, mo jókòó, inú mi ń dùn pé o ò lọ mọ́. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní ṣé bí wọ́n ṣe ń di ayé nìyí? Ìdí tí mi ò fi bi ọ́ léèrè lọ́tẹ̀ yìí nìyẹn. Mo ní kó o lọ ná, kí inú mi má bàa tún lọ dùn."

Sàdíátù di ìdérí abọ́ mú. Ọjọ́ náà ló ń rántí. Ó rántí bí òun ṣe sunkún sí Qúdrát létí lórí fóònù, àti bí òun ṣe gbé fóònù náà sílẹ̀, tí òun gbé omi kaná, tí òun wẹ̀, tí òun jẹ iyán àjẹyó, tí òun sì sùn fọnfọn títí ilẹ̀ fi mọ́. Kò tíì sọ ìyẹn fún ẹnì kankan rí. Kò tíì sọ ọ́ fún ara rẹ̀ pàápàá.

"Inú tèmi náà dùn," ló wí.

Kúlúsúmù wò ó lójú. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín gba ẹnu rẹ̀, ó rín in títí tí ikọ́ fi dà pọ̀ mọ́ ọn, Sàdíátù ń gbá a lẹ́yìn, òun náà ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́ lójú àwọn méjèèjì. Wọ́n ṣí abọ́. Wọ́n jẹ ẹ̀pà náà láìsọ̀rọ̀ púpọ̀, wọ́n ń da èèpo rẹ̀ sórí ẹní.

"Iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ díẹ̀," ni Kúlúsúmù wí.

"Ó ti ń pọ̀ láti kékeré, o kì í ṣẹ́ ẹ kù."

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, Sàdíátù dìde. Kúlúsúmù náà mú ọ̀pá.

"Orúnkún rẹ ńkọ́?"

"Èmi ló ni ín. Jẹ́ kí n sìn ọ́."

Wọ́n rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ dé ojú irin. Láyé ọjọ́un, bí ọkọ̀ bá ti gbéra, Kúlúsúmù á máa sáré tẹ̀lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, á máa na ọwọ́ gba owó ọsàn rẹ̀, títí ilẹ̀ téṣàn á fi tán. Níbi irin ló dúró sí báyìí.

"Tó o bá ń bọ̀, pè mí," ló wí.

Sàdíátù ti sọdá kó tó yíjú padà. Ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ wúwo. "Tí o ò bá gbọ́ ńkọ́?"

Kúlúsúmù fi ọ̀pá kan irin náà lẹ́ẹ̀kan. Ó dún gan-an ju bí wọ́n ti rò lọ.

"Ṣáà pè."

Fóònù ń dún nígbà tí Sàdíátù délé. Ó gbé e.

"Màámi, ẹ pa mí láyà! Ṣé kò sí o? Ṣé ẹ ò sọ fún ẹnikẹ́ni?"

"Mo sọ fún Kúlúsúmù."

 Sàdíátù kò dúró gbọ́ ohun tí Qúdrát fẹ́ sọ. Ó gbé fóònù ka orí tábìlì, ó wọ yàrá, ó sì ṣí fèrèsé, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, títí dé èyí tó kọjú sí ojú irin. Atẹ́gùn ìrọ̀lẹ́ wọlé. Lẹ́yìn náà ló wọ́ àpótí rẹ̀ jáde sí àárín pálọ̀, níbi tí ẹni tó bá ń kọjá lè rí i.